Bí mo ṣe dá díráfà padà sínú láptọ́ọ̀pù àbúrò mi

Nílé wa nítòsí Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ni mo ti tún Windows 10 fi sínú láptọ́ọ̀pù àbúrò mi. Ó tàn lóòótọ́, àmọ́ kò sí Wi-Fi, kò sì sí ohùn. Díráfà Wi-Fi, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè lo Wi-Fi, ló sọnù, íntánẹ́ẹ̀tì tí mo sì fẹ́ fi wá a gan-an ni kò sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ti bà á jẹ́ báyìí?"

Mo ní kó fara balẹ̀. Kí n tó pa gbogbo nǹkan rẹ́, mo ti ṣí Command Prompt, ìyẹn ojú fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, gẹ́gẹ́ bí administrator (ẹni tó ní àṣẹ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà náà), mo sì kó àwọn díráfà sínú fódà kan lórí fíláàṣì (E: ni lórí láptọ́ọ̀pù náà):

pnputil /export-driver * E:\dirafa

Láti dá wọn padà:

pnputil /add-driver E:\dirafa\*.inf /subdirs /install

Mo kọ́kọ́ gbàgbé /subdirs, tó ń ní kó wo inú àwọn fódà kéékèèké náà, kò sì rí nǹkan kan, torí inú fódà tirẹ̀ ni díráfà kọ̀ọ̀kan wà. Ìyẹn gba ìdajì wákàtí lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú iná tó ń ṣẹ́jú. Bí mo ṣe fi kún un, Wi-Fi yọjú. Ohùn ní tirẹ̀ dúró dìgbà tí mo pa á, tí mo tún un tàn.