Ẹ̀fọn Tí Oògùn Kò Ràn: Ìtọ́sọ́nà fún Alákùrọ̀ àti Ará Ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn alákùrọ̀ wa a máa sọ pé oògùn ti mọ́ ẹ̀fọn lára. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọn tó yè ti ní ohun tó gbà á là lára kó tó pàdé oògùn. Òbí rẹ̀ ló bí i mọ́ ọn.

Ẹ wo bí ẹ ṣe ń ṣa àgbàdo irúgbìn. Èyí tó yọmọ dáadáa lẹ ń kó sórí àjà ìdáná, ẹ ó jẹ ìyókù. Bó bá tó ọdún mélòó kan, àgbàdo oko yín á jọ èyí tí ẹ ń ṣà. Oògùn náà ń ṣa ẹ̀fọn ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀, láìsí ẹni tó rán an.

Oògùn inú àwọ̀n ẹ̀fọn, bíi permethrin àti deltamethrin, ń dì mọ́ ibì kan lára iṣan ìmọ̀lára ẹ̀fọn, á gbọ̀n títí á fi kú. Lára àwọn kan, jíìnì (ìlànà inú ara tí òbí ń fi ran ọmọ) tó ń ṣètò ibẹ̀ ti yí díẹ̀, oògùn kò rí ibi dì mú mọ́. Àwọn mìíràn ní èròjà púpọ̀ tó ń fọ́ oògùn kó tó ṣiṣẹ́. Ẹyin 50 sí 200 ni abo ẹ̀fọn lè yé lẹ́ẹ̀kan, bí ọ̀sẹ̀ méjì péré lọmọ á sì ti máa fò. Ẹ ṣírò iye ìran tó wà nínú àsìkò òjò kan.

Ọ̀rọ̀ àkùrọ̀ ló ń dùn mí jù. Cypermethrin tí a ń fín sí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ìdílé kan náà ni òun àti oògùn inú àwọ̀n. Bí ẹ bá fọ ẹ̀rọ ìfínko sínú kòtò omi, tanwíji ibẹ̀ ni ẹ ń ṣà: púpọ̀ á kú, èyí tó ní jíìnì yẹn á di ẹ̀fọn, á fò wọ yàrá tí ọmọ yín sùn sí.

Nítorí náà, ẹ má fọ ẹ̀rọ sínú odò tàbí kòtò. Bí kò bá sí kòkòrò lára ewé, ẹ má fín. Ẹ lo ìwọ̀n tó wà lára ike, kí ẹ sì bi òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn léèrè oògùn tó wá láti ìdílé mìíràn. Orúkọ tuntun lára ike lè jẹ́ oògùn àtijọ́ náà.

Ẹ má torí èyí pa àwọ̀n tì. Àwọ̀n tí kò ya ṣì ń dènà ẹ̀fọn, kódà èyí tí oògùn kò ràn. Bí wọ́n bá ń pín tuntun, ẹ béèrè èyí tó ní PBO, ohun kan tí wọ́n ń fi kún oògùn àwọ̀n: ó ń dí èròjà tó ń fọ́ oògùn lọ́wọ́. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, abẹ́ ibòji ni kí ẹ sá a sí, torí oòrùn ń ba oògùn ara rẹ̀ jẹ́.