Bí màmá mi ṣe tún ń gbọ́ ohùn wa lórí fóònù

"Sọ̀rọ̀ sókè jàre" ni màmá mi ń sọ ṣáá tá a bá pè wọ́n, ìgbà tó yá wọn ò fẹ́ gbé ìpè mọ́, ó sì dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, fólúùmù ìpè yàtọ̀ sí ti orin o, ìgbà tí ìpè bá ń lọ lọ́wọ́ lẹ máa tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ fóònù kó tó ṣiṣẹ́. Mo ṣe ìyẹn, ó lọ sókè díẹ̀ àmọ́ kò tó. Mo wá wo ihò tín-ín-rín òkè síkírìnì tí wọ́n ń gbé sétí, háà, pọ́dà àti eruku ti dí i pa, gíláàsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn tún bo apá kan ẹ̀! Mo pa fóònù, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ tó sì gbẹ gbá a jẹ́jẹ́ (ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un o), mo ṣí gíláàsì yẹn kúrò, ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ ti dé. Mo tún tan VoLTE (ìpè tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì 4G) ní sẹ́tínńsì, torí ìpè àtijọ́ kì í gbé ohùn kọjá nǹkan bíi 3400 Hz (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe tín-ín-rín tó), bẹ́ẹ̀ ohùn tó tín-ín-rín gan-an ló máa ń kọ́kọ́ ṣòro fún etí àgbà. Tí gbogbo ẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́, ẹ mú wọn lọ yẹ etí wò, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí etí ló dí i.