Bí mo ṣe gba ilá mi lọ́wọ́ kòkòrò

Ilá tí mo gbìn sẹ́yìn ilé wa ní Ọ̀fà ò tíì ju ewé mẹ́rin lọ tó fi lu jára bí asẹ́. Kòkòrò tíńtìntín kan ni, ara rẹ̀ ń dán. Kí n tó nawọ́ sí i, ó ti fò.

Màmá mi ní kí n já ewé ẹ̀fínrín àti dóńgóyárò. Mo gún wọn, mo rẹ wọ́n sómi mọ́jú, mo sẹ́ ẹ, mo wá po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Gbogbo àgbàlá ń ta sánsán, aládùúgbò ń béèrè ọbẹ̀ tí a ń sè!

Ọ̀sán gangan ni mo kọ́kọ́ fín in. Òfo ni. Oòrùn máa ń tètè ba azadirachtin jẹ́, èròjà inú dóńgóyárò tí kì í jẹ́ kí kòkòrò lè jẹun. Ìgbà tí mo sún un sí ìrọ̀lẹ́, tí mo sì ń tún un fín lẹ́yìn òjò, ewé tuntun ń yọ láìlu. Èyí tó ti lu ò dí o. Mo ti gbin ẹ̀fínrín sáàárín ilá báyìí, torí òórùn rẹ̀ ni kòkòrò ń sá fún. Wọn ò tán pátá, ṣùgbọ́n mo ká ilá láná.