Bí Èmi àti Màmá Ṣe Wo Fíìmù Mẹ́rin Láàárín Ọjọ́ Mẹ́ta

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀ mí níṣẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 11 tí èkejì sì jẹ́ ọmọ ọdún 9, máa ń gbọ́ Yorùbá nígbà tí ìyá wọn bá ń bá wọn wí, ṣùgbọ́n èsì tí wọ́n ń fọ̀ kò ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "ẹ ṣé" lọ. Ó fẹ́ kí n bá òun ṣa fíìmù Yorùbá kan ṣoṣo tí òun lè jókòó tì wọ́n wò láìní máa sáré tẹ bọ́tìnnì tàbí fi ọwọ́ bò wọ́n lójú. Orúkọ mẹ́rin ló fi ránṣẹ́: Jagun Jagun, Aníkúlápó, Ẹlẹ́ṣin Ọba àti Ṣaworoidẹ. Ǹ bá ti dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo bi ara mi dáadáa, mo rí i pé lórí fóònù, nínú ọkọ̀, ni mo ti wo mẹ́ta nínú wọn ní ìdajì ìdajì, àti pé láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé ni mo ti rí ẹ̀kẹrin kẹ́yìn. Mo wá pinnu láti fi ìsinmi ọdún Àjíǹde wo gbogbo wọn tán nílé Màmá wa ní Ìsẹ́yìn, nítorí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Yorùbá inú fíìmù dán mọ́rán, àfi kó ní àgbàlagbà kan nítòsí.

Kí n tó kúrò ní Ìbàdàn, mo fi òru ọjọ́ kan gba mẹ́ta tó wà lórí Netflix sínú fóònù, torí mo mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò Màmá ṣe rí. Mo tún ra wáyà tí màá fi so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo tó rí i pé wáyà náà kò lè gbé àwòrán, iná nìkan ló ń gbé. Mo padà sí ọjà lọ ra òmíràn ní ìlọ́po mẹ́ta owó ti àkọ́kọ́, mo sì ní kí ọmọ tó ń tà á dán an wò lójú mi kí n tó sanwó.

Jagun Jagun la kọ́kọ́ wò ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Fíìmù ọdún 2023 ni, Fẹ́mi Adébáyọ̀ ló sì ṣe ògbójú jagunjagun tí àwọn tó ń du oyè ń lọ bẹ̀ kó bá wọn fi ogun gba ìtẹ́. Mo fẹ́ràn ọmọkùnrin tí Lateef Adédiméjì ṣe, tó ń bá igi sọ̀rọ̀ tí igi sì ń gbọ́ tirẹ̀, mo sì gbà pé wọ́n náwó sí aṣọ àti ìjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tó yá, Màmá ní kí n bá àwọn bu omi wá. Nígbà tí mo fi máa padà dé, wọ́n ti yí àga wọn kọjú sí fèrèsé, wọ́n ń fetí gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Mo kọ "rárá" síwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé mi.

Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lọ́dún 2022, kan Màmá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ahunṣọ ni Saro tí ìtàn náà dá lé lórí, ahunṣọ sì ni bàbá tó bí Màmá. Bí ọ̀rọ̀ òfì ṣe wọ inú fíìmù báyìí, mo rí i tí ọwọ́ ọ̀tún wọn gbéra lórí itan, ó ju ọ̀kọ̀ ìhunṣọ tí kò sí níbẹ̀, ti òsì gbà á, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì sì ń tẹ ilẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó wà nídìí iṣẹ́. Wọn kò mọ̀ pé mo ń wò wọ́n. Nígbà tí ìtàn kúrò lórí aṣọ, tó bọ́ sórí ìfẹ́ àti ẹyẹ àkàlà tó ní agbára láti jí òkú, wọ́n pòṣé.

"Àkànní, wọn ò jẹ́ kó hunṣọ tó. Àkàlà ti gbé e lọ kí n tó mọ irú aṣọ tó ń hun."

Ní tèmi, ibi tí fíìmù náà ti dùn jù ni ibi tí ojú Àrólàkẹ́, tí Bímbọ́ Adémóyè ṣe, ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sí ọkọ tó fi ohun gbogbo sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Kò pariwo rárá. Ó kàn ń wò ó ni, ẹ̀rù sì bà mí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ibùsùn tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọ ọdún 9 ń bá ìyá rẹ̀ wò, ó sì tún gùn ju wákàtí méjì lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ẹlẹ́ṣin Ọba kò tíì dé ìdajì tí iná fi lọ. Mo tan jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ bo ohùn Brymo, ẹni tó ṣe Olóhùn-iyọ̀, tí orin rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì adùn fíìmù náà. Màmá ní kí n pa á. A gbé fóònù sórí àpótí láàárín wa, wọ́n wọ awò ojú wọn, a sì parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn. Mo mọ ìtàn náà láti inú eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ jáde lọ́dún 1975. Màmá mọ̀ ọ́n láti ilé, nítorí Ọ̀yọ́ kò jìnnà sí wa, àwọn àgbà sì máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà lọ́dún 1944, tí òyìnbó kò jẹ́ kí ẹlẹ́ṣin ọba bá a kú gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ọdúnladé Adékọ́lá, tí a mọ̀ sí apanilẹ́rìn-ín, yà mí lẹ́nu nínú rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ibì kan wà tí mo ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì Ṣóyínká lábẹ́ Yorùbá tí wọ́n ń sọ, bí ìgbà tí ènìyàn wọ agbádá lé kóòtù. Ó dùn mí pé Bíyìí Bándélé tó darí rẹ̀ kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, kí fíìmù náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran. Mo kọ "tí wọ́n bá dàgbà" síwájú èyí.

Ṣaworoidẹ ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ jù. Àwo VCD àtijọ́ tó ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Màmá ọjọ́ pẹ́ ni, méjì ni wọ́n, eruku àti òróró ọwọ́ sì ti dì mọ́ wọn. Mo fi omi ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ wọ́n, mo fi aṣọ rírọ̀ nù wọ́n láti àárín lọ sí etí, nítorí bí èèyàn bá nù wọ́n ní òbìrí, ńṣe ló máa ha wọ́n sí i. Àwo kìíní ṣiṣẹ́ dáadáa. Túndé Kèlání ló darí fíìmù náà lọ́dún 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, èyí sì hàn láti gbólóhùn àkọ́kọ́: kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní egungun. Lápitẹ́, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, fẹ́ jọba Jogbo ṣùgbọ́n kò fẹ́ mu májẹ̀mú tó so ọba mọ́ adé, ìlù àti ìlú, torí ó mọ̀ pé ẹni tó bá mu ún kò lè kówó jẹ. Àwọn agégẹdú ń wọ igbó run, àwọn ìjòyè ń gba rìbá, Ọ̀pálábà tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe sì ń kọrin òwe ní ìta gbangba fún ẹni tó bá ní etí. Nígbà tí Màmá rí Kúnlé Afọláyan, tó ṣì kéré gan-an nínú rẹ̀, wọ́n pariwo pé, "Ọmọ Adé Love nìyí!"

Àwo kejì há. Àwòrán dúró, ó pín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fò síwájú, a kò sì mọ iye ohun tó fò. Mo yọ ọ́, mo tún un nù, ó tún há síbi kan náà. Ibẹ̀ ni Màmá ti dá mi dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó sọnù fún mi: ohùn ológun tó gba ìjọba, ohùn àwọn ìjòyè tí ń wárìrì, wọ́n sì fi ìka lu apá àga níbi tí ìlù ti yẹ kó fọhùn. Nígbà tí àwòrán padà bọ̀ sípò, a bá a níbi tí Màmá sọ ọ́ dé gẹ́lẹ́.

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú pé kó wá Ṣaworoidẹ tó dára rà, kó má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ka Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ náà pe Màmá lórí fóònù, ó fẹ́ mọ ohun tí ìlù náà ń sọ. Wọ́n fi ìdajì wákàtí ṣàlàyé fún un. Wọ́n ti ní kí n wá Agogo Èèwọ̀ báyìí, tó jáde ní ọdún 2002, tó gba ìtàn Jogbo síwájú. Mo sì ti gbé ẹ̀rọ tí ń lo àwo lọ fún ẹni tó máa bá mi tún un ṣe.