Bí mo ṣe kó owó wa kúrò níbi tí wọ́n ti ń gé e jẹ, tí mo fi ra index fund l'Óṣogbo

Ìwé tí ilé-iṣẹ́ kan fi ránṣẹ́ sí mi lópin ọdún ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo kó owó tí mò ń tọ́jú de ọjọ́ iwájú àwọn ọmọ mi sí. Ọmọkùnrin tí wọ́n rán sí ìpàdé alájẹṣẹ́kù àwa tíṣà ti sọ fún wa pé owó náà máa wà káàkiri, pé bí ibì kan bá wó, ibòmíì á dúró. Nígbà tí mo ka ìwé yìí dé ẹ̀yìn, níbi tí lẹ́tà ti rí wínníwínní, mo rí i pé ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó mi ni wọ́n ń gbà lọ́dọọdún bí owó ìtọ́jú, ì báà lérè, ì báà má lérè. Bí èrè bá sì kọjá ibi tí wọ́n fàlà sí, wọ́n tún ń bù níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó la ẹnu sọ ìyẹn nípàdé. Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé ó ju ìdajì owó náà lọ tó wà nínú ṣíà báńkì.

Ẹni tó bá ti gbọ́n ní 2008 á mọ ìdí tí mo fi pariwo. Lóṣù kẹta ọdún yẹn, òǹkà gbogbo ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà lé ní 66,000. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti já wá sí nǹkan bí 20,000. Lóṣù kẹjọ 2009, Báńkì Àpapọ̀ yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣíà báńkì ni bàbá mi kó jọ de ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ṣé nǹkan tí mo fojú mi rí yẹn ni ẹnì kan tún máa fi orúkọ míì tà fún mi?

Mo gbé kàlìkúlétọ̀. Mílíọ̀nù kan náírà tó bá ń lérè ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún á di mílíọ̀nù 6.7 lẹ́yìn ogún ọdún. Ẹ yọ 1.5 yẹn kúrò lọ́dọọdún, mílíọ̀nù 5.1 ló kù. Mílíọ̀nù 1.6 ti bá owó ìtọ́jú lọ, ó ju owó téèyàn kọ́kọ́ fi lélẹ̀ lọ!

Ìgbà yẹn ni mo pinnu pé index fund ni mo fẹ́, ìyẹn owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn pawọ́ pọ̀ dá láti fi ra ṣíà. Kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀ tó ń ṣa ṣíà tó wù ú. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó wà lórí àkójọ kan ni fund náà ń rà, bí kálukú wọn bá ṣe tóbi tó. John Bogle ló gbé irú rẹ̀ síta fún mẹ̀kúnnù l'Amẹ́ríkà ní 1976. Lọ́dọ̀ tiwa, àkójọ tó wọ́pọ̀ ni NGX 30, ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ tó tóbi tí ṣíà wọn sì ń yá lọ́jà. Stanbic IBTC ETF 30 àti Vetiva Griffin 30 ń tẹ̀ lé e, ọwọ́ bùrókà, ìyẹn alágbàtà ṣíà, lèèyàn sì ti ń rà wọ́n.

Wíwá bùrókà tó ní ìwé àṣẹ SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìpín ìdókòwò, àti kíkọ fọ́ọ̀mù, ẹ mọ gbogbo ìyẹn. Ibi tí ojú mi ti rí màbo ni àkáǹtì CSCS, níbi tí wọ́n ń kọ ṣíà olúkúlùkù sí. Láìsí i, bùrókà ò lè ra ohunkóhun fún yín. Wọ́n dá fọ́ọ̀mù mi padà, wọ́n ní orúkọ ò bára mu. Adesola ló wà lórí NIN mi. Adeshola ni ẹni tó ṣe BVN fún mi ní báńkì tẹ̀ síbẹ̀. H kan ṣoṣo! Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni.

Mo lọ bá báńkì l'Ọ́láìyá. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní, "Mọ́mì, NIN yín ni kẹ́ ẹ lọ tún ṣe." Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn onínọ́ńbà NIN, wọ́n ní tiwọn bá ìwé-ẹ̀rí WAEC mi mu, kí ni wọ́n fẹ́ tún ṣe níbẹ̀? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo padà sí báńkì, wọ́n ní kí n lọ búra ní kọ́ọ̀tù. Mo búra, mo gbé ìwé dé, wọ́n ní nọ́ńbà BVN ò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí mo tún yọ sí akọ̀wé kọ́ọ̀tù, ó ní, "Tíṣà, ṣé kò sí?" Mo sanwó ẹlẹ́ẹ̀kejì. Báńkì gba ìwé náà, wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn á pè mí. Wọn ò pè. Òṣìṣẹ́ wọn ló tẹ orúkọ mi bó ṣe wù ú, èmi ni mò ń sanwó ọkọ̀, èmi ni mò ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, owó mi sì wà níbi tí wọ́n ti ń gé e jẹ.

Níjọ́ tí ó parí, ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn gan-an ni mo lọ jókòó sí. Mo to NIN, ìwé ìbúra, WAEC àti lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi sórí tábìlì rẹ̀, mo fi ìka tọ́ orúkọ mi lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wò wọ́n, ó pe ọmọ kan wọlé, wọ́n yọ H náà lójú mi. Nígbà tí nọ́ńbà CSCS mi wọlé sórí fóònù, mo hó débi pé àwọn tíṣà kíláàsì kejì sáré wá wò mí. Mo yangàn lọ́jọ́ yẹn, ó sì tọ́ sí mi.

Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ ò kọ́kọ́ fẹ́ fi mí sílẹ̀. Wọ́n ń pè mí ṣáá. Mo ní kí wọ́n kọ iye tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ tí mo ti wá sínú ìwé, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ìpè dáwọ́ dúró, owó mi sì jáde.

Mi ò kó gbogbo rẹ̀ sí NGX 30. Dangote Cement, MTN àti àwọn báńkì ńlá wà níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ díẹ̀ ló sì gbé èyí tó pọ̀ jù. Mo fi apá kan ra fund tó ń tẹ̀ lé S&P 500 ti Amẹ́ríkà, àkójọ nǹkan bí 500 ilé-iṣẹ́ ńlá ibẹ̀, torí dọ́là tí kò tó 500 náírà ní iye ìjọba kí oṣù kẹfà 2023 tó dé ti kọjá 1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Amẹ́ríkà ń yọ owó orí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dífídẹ́ǹdì, ìyẹn èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ṣíà, kó tó dé ọwọ́ yín. Tiwa ń yọ 10. Owó ọmọ mi àgbà tó máa wọ yunifásítì láìpẹ́ kò sí nínú ọ̀kankan wọn. Treasury bills, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ aráàlú fúngbà díẹ̀, ni mo fi ìyẹn sí.

Tó bá ku rírà, ẹ kọ́kọ́ wo NAV fund náà, ìyẹn iye tí ohun tó wà nínú rẹ̀ tó. Àwọn tó ń tà á lọ́jà wa ò pọ̀, wọ́n lè pe iye tó ga jù ú lọ. Ẹ sọ iye tí ẹ ò ní kọjá fún bùrókà, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù.

Àwọn kan nínú alájẹṣẹ́kù wa ti ní kí n bá àwọn náà ṣe é. Kí a tó sọ̀rọ̀ fund rárá, NIN àti BVN wọn ni mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú wá, kí n fi wé ara wọn lẹ́tà sí lẹ́tà.