Ọmọ tó ń gé èèyàn jẹ: bí ẹ ṣe máa bá onímọ̀ ìwà ọmọdé ṣiṣẹ́

Ọmọ ọdún 3 tó ń gé ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ní jẹ́lé-ó-sinmi, tó ń yíra mọ́lẹ̀ láàárín ọjà Balógun, kì í ṣe dandan kó jẹ́ alágídí. Ọmọ tí kò tíì lè fẹnu sọ pé "ó tó" á feyín sọ ọ́. Iṣẹ́ onímọ̀ ìwà ọmọdé ni láti wá ohun tí ọmọ ń rí gbà nídìí ìwà náà, kó sì kọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà rí i. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé lẹ máa kó ẹ̀rí jọ fún un.

Ara ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa máa ń dà bí ẹni tó ń ṣorí kunkun. Èyí tó ń hanrun, tó ń lanu sùn, kì í sun oorun re, inú á sì máa bí i láti àárọ̀. Eyín dídùn àti ìgbẹ́ tí kò jáde náà lè sọ ọmọ jẹ́jẹ́ di oníjà. Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín lè kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá l'Ékòó, bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ti Yábàá sì ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì. Ọmọ tó lọ síbẹ̀ kì í ṣe wèrè. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn lé yín sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìwé ìkọ̀wé kan, kí ẹ fi rúlà pín ojú ewé sí mẹ́ta: ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ohun tí ọmọ ṣe gan-an, ohun tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 14 ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí àǹtí iléèwé náà máa kọ tirẹ̀. Ohun tí ojú rí nìkan ni kí ẹ kọ. "Ó ya ìpáǹle" kò wúlò fún onímọ̀ kankan. Èyí ló wúlò: "Aago 6:40 àárọ̀, wọ́n ní kó wọ bàtà, ó yíra mọ́lẹ̀, ó ké fún ìṣẹ́jú 9, wọ́n gbé e lọ láìwọ bàtà." Ẹ kọ aago tó jí pẹ̀lú, nítorí ọmọ tí wọ́n jí ní aago 4:30 kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland Bridge má baà ká wọn mọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé kíláàsì. Ẹ kọ ooru àti ariwo jẹnẹrétọ̀ náà.

Bí ẹ bá ka ìwé yẹn padà, ohun tí ọmọ ń wá kì í sábà ju mẹ́rin lọ: ó fẹ́ sá fún nǹkan, ó fẹ́ kí ẹ wo òun, ó fẹ́ gba nǹkan, tàbí ìṣe náà fúnra rẹ̀ ló ń tù ú lára. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ bàtà kàn yẹn ti rí i pé ẹkún ìṣẹ́jú 9 ń ṣiṣẹ́.

Ẹ bi onímọ̀ pé: níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́? Ṣé ẹ ó wá wo ọmọ ní iléèwé? Ṣé ẹ ó ṣe é lójú mi, kí èmi náà ṣe é lójú yín? Ẹni tó bá ń so ọmọ lókùn, tí kò jẹ́ kí òbí wọlé, tàbí tó ṣèlérí pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ẹ gba ọmọ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ìwà tí ẹ máa fi rọ́pò. Ó gbọ́dọ̀ rọrùn fún ọmọ ju gígé jẹ lọ, kó sì yára mú èsì wá jù ú lọ. Bó bá jẹ́ pé nítorí ohun ìṣeré tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣe ń gé wọn jẹ, ẹ kọ́ ọ kó na àtẹ́lẹwọ́, kó ní "tèmi". Ìgbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ ni kí ẹ fi kọ́ ọ, ìgbà 5 sí 10 lóòjọ́, bí ẹni ń ṣeré; ọmọ tí inú ń bí kò lè kọ́ nǹkan tuntun. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà tó bá nawọ́ ni kí ẹ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ní "dúró ná" nígbà mẹ́ta, á padà sí eyín, torí eyín kì í dúró.

Ọjọ́ bíi mélòó kan àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń kùnà. Ẹkún tí kò mú nǹkan wá mọ́ á kọ́kọ́ le sí i. Bí ẹ bá juwọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ ti kọ́ ọ pé kó máa ké fún ogún ìṣẹ́jú nìyẹn. Ìyá àgbà tó ń fún un ní bísíkíìtì kó lè dákẹ́ kò ní èrò burúkú; ẹ kúnlẹ̀ bá wọn sọ ọ́ ṣáájú: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, bó bá nawọ́ ni kí ẹ fún un. Bó bá ń ké, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀." Ní ilé face-me-I-face-you, ẹ sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n má baà rò pé ẹ ń fìyà jẹ ọmọ. Ẹgba? Ojú yín nìkan ló ti ń dá ìwà dúró, kò sì kọ́ ọmọ ní ohun tó yẹ kó ṣe dípò rẹ̀.

Àmọ́ ẹ má wo ọmọ níran níbi tó ti lè ṣèṣe o. Bó bá ń forí gbá ògiri, ẹ ki ìrọ̀rí sáàárín láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ń sá bọ́ sí títì, ẹ dì í mú. Bó bá sì pàdánù ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n sọ tẹ́lẹ̀, ẹ tètè lọ rí dókítà, ẹ má dúró de ọjọ́ 14.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ tún kọ ìwé náà fún ọjọ́ 7, kí ẹ fi iye ìgbà àti iye ìṣẹ́jú wé ti àkọ́kọ́. Bí kò bá dín kù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé a ṣi ìdí rẹ̀ mú: a rò pé ọmọ fẹ́ ká wo òun, àṣé ariwo kíláàsì ló ń sá fún. Ẹ gbé ìwé náà padà lọ bá onímọ̀. Bó bá ti dín kù, ẹ kọ ìtumọ̀ ìnawọ́ yẹn sílẹ̀ fún àǹtí tuntun kí ọmọ tó bọ́ sí kíláàsì mìíràn ní oṣù Kẹsàn-án, torí ẹni tí kò mọ ohun tí àtẹ́lẹwọ́ yẹn ń sọ kò ní dá a lóhùn.