Ìgò ìtura fún ọmọ tó ń bínú, àti gílísírìn àbùlà tí wọ́n tà fún mi

Owó tí mo fi ra ìgò ìtura kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àpò sìmẹ́ǹtì. Nígbà tó dé, omi lásán ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú glitter díẹ̀, ìyẹn àwọn nǹkan wínníwínní tó ń dán yinrin. Ẹ mì ín, ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ tó ka ení dé ogún, gbogbo rẹ̀ ti rọ̀ sísàlẹ̀. Ọmọ tó ń ké tó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ ò tíì mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìgò ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan nínú ìgò náà tí a ò lè rí rà ní Ìlọrin níbí. Ni mo bá ṣe é fúnra mi fún kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi wa ní Tanke.

Ìgò ìtura kì í wo ìbínú sàn. Ohun tó wà fún ni kí ojú ọmọ rí nǹkan tó ń rọra lọ tẹ̀ lé, kí èémí rẹ̀ lè rọlẹ̀. Apá iwájú ọpọlọ tó ń kó èèyàn níjàánu kì í gbó tán títí èèyàn á fi sún mọ́ ọmọ ọdún 25. Ọmọ ọdún 3 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ìwàásù ò fi í wọ̀ ọ́ létí nígbà tó bá ń yí nílẹ̀. Ìṣẹ́jú 1 sí 3 ló yẹ kí glitter fi rọ̀ sílẹ̀. Bó bá tètè rọ̀ jù, kò wúlò. Bó bá pẹ́ jù, á sú ọmọ, á sì jù ú mọ́ ẹlòmíì.

Ìgò àti omi ò le rárá. Ike 50cl tí ara rẹ̀ ń dán ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìgò gíláàsì. Ẹ bó bébà ara rẹ̀ dànù. Omi píọ́ wọ́tà ni kí ẹ fi ṣe é, torí omi kànga á di aláwọ̀ ewé bí oòrùn bá ń pa á.

Gílísírìn ló kó mi sí wàhálà. Òun ló ń mú kí omi ki, kó sì wúwo, kí glitter má baà já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan ń fi gọ́ọ̀mù ṣe é. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà á sọ omi di wàrà, ẹ ò ní rí glitter kankan mọ́. Èyí tó ń rùn bíi pẹtiróòlù kì í sì í bá omi pò. Bí ẹ ò bá rí gọ́ọ̀mù olómi tó mọ́ gaara tí wọ́n ń lò lọ́fíìsì, ó di dandan kí ẹ wá gílísírìn.

Lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìpara lọ́jà ni mo ti kọ́kọ́ rà á, ìgò 100ml méjì. Mo pò ó bó ṣe yẹ, glitter ń já lulẹ̀ bí òkúta. Mo fi kún un, ibi pẹlẹbẹ náà ni. Mo gbé e padà lọ, ẹni tó tà á ní, “Àǹtí, bí wọ́n ṣe ń gbé e wá láti Èkó nìyẹn o. Ẹ má bínú.” Èmi tí mò ń wá nǹkan ìpẹ̀tù sí ìbínú ni wọ́n ń sọ fún pé kí n má bínú! Wọ́n ti bu omi là á ni, kò sì sí bí ojú lásán ṣe lè mọ̀ ọ́n.

Òṣùwọ̀n ló tú àṣírí. Gílísírìn wúwo ju omi lọ: 100ml ojúlówó rẹ̀ wọn nǹkan bíi gíráàmù 126, omi 100ml ò ju gíráàmù 100 lọ. Ẹ lọ bá ẹnikẹ́ni tó ń ṣe kéèkì, òṣùwọ̀n rẹ̀ á ṣe é. Ẹ gbé ife lé e, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ wá da 100ml sínú ife náà. Bó bá wọn nǹkan bíi 113, omi ti kó ìdajì rẹ̀. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, kó kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tó gbẹ, kó fi ìka pa á: ojúlówó á móoru díẹ̀ torí ó ń fa omi mọ́ra, àbùlà ò ní ṣe nǹkan kan. Níkẹyìn, ilé oògùn ni mo ti rí èyí tí wọ́n lẹ ìdérí rẹ̀ pa, tí wọ́n kọ B.P. sí lára (British Pharmacopoeia, ìwé òṣùwọ̀n oògùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì). Ó wọ́n, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń sanwó, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe é ló jẹ́.

Bí mo ṣe pò ó nìyí: gílísírìn 20cl, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ 25cl, kí 5cl tó kù jẹ́ àyè, torí ìgò tó kún dẹ́nu ò ṣeé mì. Lẹ́yìn náà, glitter lẹ́búlẹ́bú ṣíbí tíì 1, èyí tó tóbi díẹ̀ ìdajì ṣíbí. Èyí tó tóbi á kọ́kọ́ rọ̀, lẹ́búlẹ́bú á tẹ̀ lé e, ọmọ á sì máa rí nǹkan wò. Ẹ rẹ glitter sínú ife omi mọ́jú kí ẹ tó lò ó. Èyí tí kò dára á ṣí àró, omi á sì ṣókùnkùn. Bí ó bá ń léfòó tí kò fẹ́ wọlé, ẹ kán ọṣẹ olómi ìfọwo ẹ̀kán kan péré. Ẹ̀kán mẹ́ta á di ìfófòó, ẹ ò ní rí inú ìgò.

Ọ̀sán ni kí ẹ dán an wò, kì í ṣe àárọ̀. Ooru máa ń mú gílísírìn ṣàn. Ìgò tó ń lo ìṣẹ́jú 3 lásìkò ọyẹ́ lè máà lo ìdajì rẹ̀ nínú ooru oṣù Ẹrẹ̀nà.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kí á fi súpà gúlù lẹ ìdérí. Irọ́ ni. Súpà gúlù kì í di irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí ìgò omi mú dáadáa, ọmọ á ṣí i. Tẹ́ẹ̀pù funfun àwọn púlọ́ńbà ni kí ẹ wé mọ́ ọrùn ìgò, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ wá fi tẹ́ẹ̀pù oníná wé ìta. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìdérí ṣeré: gílísírìn ìpara kì í ṣe ohun mímu, a ò sì mọ ohun tí wọ́n lú u pọ̀. Ní Nàìjíríà yìí náà ni ọmọ tó lé ní 80 ti kú ní 2008 sí 2009 nítorí oògùn olómi fún ọmọ tó ń hu eyín, tí kẹ́míkà olóró wọ inú èròjà rẹ̀.

Lílò rẹ̀ ò gba àlàyé tó ṣíṣe rẹ̀. Àárọ̀ tí inú ọmọ dùn ni kí ẹ fi hàn án, kì í ṣe àárín ẹkún. Nígbà tí ìbínú bá dé, ẹ lóṣòó kí ojú yín àti tirẹ̀ ṣe déédéé, kí ẹ sọ ohun tó ń bí i nínú fún un ní gbólóhùn kan: “Inú ń bí ẹ torí wọ́n gba bọ́ọ̀lù ẹ.” Kó jókòó sórí ẹní, àwọn àáfáà wa náà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó ń bínú lórí ìdúró, kó jókòó. Kó fi imú fa èémí, kó sì fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Kí fífẹ́ pẹ́ ju fífà lọ. Ẹni tó bá jù ú, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, torí ìgò náà lé ní ìdajì kílò. Ẹ má sì jẹ́ kí ìyá àgbà fún un ní bisikíìtì láàárín igbe, torí igbe ọ̀la nìyẹn.

Láàárín ìgbà tí wọ́n bá dé láti iléèwé sí ìgbà tí wọ́n ń lọ ilé kéwú ni ìbínú máa ń pọ̀ jù. Ebi ni, ìgò kọ́. Nígbà Ààwẹ̀ tí ọmọ bá bá yín jí ṣe sààrì, oorun ni: ọmọ ọdún 3 sí 5 nílò wákàtí 10 sí 13 lójúmọ́, ti ọ̀sán mọ́ ọn. Ọmọ tó bá sì ń sunkún títí tí èémí rẹ̀ á fi dúró, tí ètè rẹ̀ á dúdú, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá èròjà irin (iron) tó nínú rẹ̀, kí ẹ tó náwó lórí glitter.